Oògùn Apakòkòrò Nínú Kápẹ́ẹ̀tì: Èwo Ló Yẹ, Apá Ibo Ló Sì Yẹ Kó Wà?

Ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta oògùn ni pé, "Èwo ló lágbára jù lọ?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ibi tí omi ń gbà wọ kápẹ́ẹ̀tì náà, àti apá tí kòkòrò (bakitéríà àti fúngọ́ọ̀sì là ń sọ, kì í ṣe kòkòrò ajaṣọ) ti máa rí nǹkan jẹ lára rẹ̀, ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì ló ń bu, tí oògùn sì wà lórí irun rẹ̀, ìyẹn òkè tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, owó oògùn ti wọgbó nìyẹn, bó ti wù kí oògùn náà lágbára tó.

Ẹ jẹ́ ká tú kápẹ́ẹ̀tì kan wò. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí ẹ̀rọ fi ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ gún irun rẹ̀ sínú aṣọ ìdí kan, tó sábà máa ń jẹ́ polypropylene, irú ike kan. Irun náà lè jẹ́ náílọ́ọ̀nù, polyester, polypropylene tàbí irun àgùntàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un tán, wọ́n á fi latex, ìyẹn rọ́bà olómi, tí wọ́n ti po lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun mọ́ kun ẹ̀yìn rẹ̀ kí irun má bàa máa fà yọ, wọ́n á sì lẹ aṣọ ẹ̀yìn kejì mọ́ ọn. Ní ti kápẹ́ẹ̀tì táìlì, PVC, polyurethane tàbí bitumen ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀yìn tiẹ̀.

Polypropylene, polyester àti náílọ́ọ̀nù fúnra wọn kì í ṣe oúnjẹ gidi fún bakitéríà tàbí fúngọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ohun funfun tàbí dúdú tó ń hù lára nǹkan tó ti bu. Eruku, èépá ara èèyàn, oúnjẹ tó dà sílẹ̀, àti òróró tí wọ́n fi ń mú òwú yọ̀ nílé iṣẹ́ tí wọn ò fọ̀ kúrò dáadáa ni wọ́n ń jẹ. Ti irun àgùntàn, jute (okùn ewéko tí wọ́n fi ń hun àpò) àti rọ́bà inú igi yàtọ̀: ara wọn gan-an ni oúnjẹ. Kápẹ́ẹ̀tì tí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ jute nílò ààbò lẹ́yìn ju ti polypropylene lọ fíìfíì, kódà bí irun orí wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ó yẹ ká mọ ibi tí agbára oògùn mọ pẹ̀lú. Ó lè dín òórùn, àbàwọ́n àti jíjẹrà kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kù. Kò lè dáàbò bo ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn, kò sì kan àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń gbé inú eruku. Níbi tí ìdọ̀tí bá ti bo irun, orí ìdọ̀tí yẹn ni bakitéríà á máa gbé láìfara kan oògùn rárá. Bí omi bá sì dà sí kápẹ́ẹ̀tì tí kò tètè gbẹ, kò sí oògùn tó lè gbà á sílẹ̀. Ìmọ̀ràn EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ni pé kí ohun tó bá rin gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48 kó má bàa bu.

## Ọ̀nà mẹ́rin tí oògùn ń gbà wọ kápẹ́ẹ̀tì

| Ọ̀nà | Ìgbà wo? | Oògùn tó sábà bá a mu | Apá tó ń dáàbò bò | Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| Inú ike yíyọ́ | Kí wọ́n tó fa òwú | Fàdákà inú zeolite (òkúta wẹ́wẹ́ oníhò) tàbí inú gíláàsì | Irun, títí ọjọ́ ayé rẹ̀ | Omi inú horo ike, kóró tó tóbi jù, àwọ̀ tó ń yí padà |
| Inú omi aró | Nígbà tí wọ́n ń rẹ irun láró | Oògùn tí irun lè fà mu, bíi PHMB | Irun | Aró àti oògùn ń bára wọn jà. Èyí tó ṣẹ́ kù ń bá omi ìdọ̀tí lọ |
| Fífín tàbí ìfófòó | Lẹ́yìn aró, kó tó wọ ààrò | Silane quat | Irun, pàápàá òkè rẹ̀ | Kẹ́míkà oní-máínọ́ọ̀sì (tó ní chárjì máínọ́ọ̀sì), ẹnu ìfín tó dí, àìgbẹ dénú |
| Inú latex tàbí PVC | Nígbà tí wọ́n ń kun ẹ̀yìn | Zinc pyrithione, OIT, DCOIT | Ẹ̀yìn àti ìdí irun | Irin, latex tó ń ki, òfin |

A ò ní pẹ́ lórí ọ̀nà kejì. Omi aró pọ̀ gan-an ju irun tó wà nínú rẹ̀ lọ, oògùn tí irun ò bá fà mu á bá omi ìdọ̀tí jáde, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ń fẹ́ ìwọ̀n tirẹ̀. PHMB tún ní chárjì plọ́ọ̀sì, ó sì máa ń bá aró ásíìdì tí wọ́n ń lò fún náílọ́ọ̀nù àti irun àgùntàn dì mọ́ra. Bí ọ̀nà kẹta bá ṣeé ṣe fún yín, ẹ fi èyí sílẹ̀.

## Silane quat: oògùn tó ń so mọ́ irun

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni 3-(trimethoxysilyl)propyldimethyloctadecyl ammonium chloride. Wọ́n máa ń tà á ní èyí tó ki, 72% oògùn nínú methanol, tàbí èyí tí wọ́n ti fi omi là, bíi 5%. Apá kan lára mólékù rẹ̀ máa ń so mọ́ òwú, àwọn mólékù náà sì máa ń so kọ́ra bí àwọ̀n. Apá kejì jẹ́ ẹ̀wọ̀n káábọ́ọ̀nù 18 tí chárjì plọ́ọ̀sì wà nídìí rẹ̀, òun ló ń fa bakitéríà mọ́ra tó sì ń ba awọ ara rẹ̀ jẹ́. Torí pé ó ti so mọ́ òwú, kì í ṣàn jáde bí àwọn yòókù. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ náà sì nìyẹn: bakitéríà tí kò bá fara kan òwú kò ní pàdé rẹ̀.

Chárjì plọ́ọ̀sì yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nílé iṣẹ́. Kẹ́míkà adènà-àbàwọ́n tí wọ́n ń fi sí náílọ́ọ̀nù jẹ́ oní-máínọ́ọ̀sì, ọṣẹ tó ṣẹ́ kù lára irun náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé nínú táǹkì kan, wọ́n á dì di kóró funfun wẹ́wẹ́ bíi wàrà tó dì, kóró yẹn á sì dí ẹnu ìfín. Ẹnu ìfín kan ṣoṣo tó bá dí ti tó láti fi ìlà kan tí kò ní oògùn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì dé òpin rẹ̀, ojú ò sì ní rí i.

Torí náà, ẹ fi ìgò dán an wò kí ẹ tó da ohunkóhun pọ̀ sí táǹkì. Ẹ po gbogbo kẹ́míkà tó máa wà nínú omi náà ní ìwọ̀n tí ẹ máa lò gan-an sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní ìwọ̀n ooru kan náà pẹ̀lú táǹkì, ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún un wò lọ́jọ́ kejì. Bí kóró bá wà nísàlẹ̀, bí ìyẹ̀fun bá léfòó, tàbí bí omi náà bá pín sọ́nà méjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí náílọ́ọ̀nù rèé: kí adènà-àbàwọ́n kọ́kọ́ wọlé ní pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 2 sí 3, kí kápẹ́ẹ̀tì gba inú ooru omi gbígbóná kọjá, kí wọ́n ṣàn án dáadáa, kí ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ jáde, kí silane quat wá kẹ́yìn láti inú táǹkì tirẹ̀. Ṣíṣàn yẹn ni wọ́n máa ń fi ṣeré tí iṣẹ́ bá ti ń kánjú, òun sì ni ìdí tí oògùn fi ń lọ láàárín ọdún àkọ́kọ́: ohun tó ṣẹ́ kù lára irun ti gbá a mú kó tó dé ara òwú.

Nígbà tí ẹ bá ń pò ó, omi ni kó kọ́kọ́ wọ táǹkì. Ẹ fi ásíìdì acetic mú pH omi náà wá sí nǹkan bí 4 sí 5, kí ẹ wá máa da oògùn sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń rò ó. Ẹ má da omi lé oògùn tó ki lórí, á di ìdìpọ̀ tí kò ní tú mọ́. Ẹ má sì po ju èyí tí ẹ máa lò tán lọ́jọ́ náà, torí látìgbà tí omi bá ti kàn án ló ti ń so mọ́ ara rẹ̀, kó tó rí òwú so mọ́.

Ìwọ̀n tó máa bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì nìyí, ní ìṣirò. Ká ní irun wọn gíráàmù 800 nínú mítà onígun mẹ́rin kan, ẹ sì fẹ́ kí oògùn gidi jẹ́ 0.2% ìwọ̀n irun. Gíráàmù 1.6 ni. Bí ẹ̀rọ ìfófòó bá ń fi omi oògùn tó jẹ́ 20% ìwọ̀n irun sí i, gíráàmù 160 omi oògùn ló ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 1.6 nínú 160 jẹ́ 1%. Bí èyí tí ẹ rà bá jẹ́ 5%, kìló omi oògùn kan á gba gíráàmù 200 rẹ̀. Bó bá jẹ́ 72%, á gba nǹkan bíi gíráàmù 14. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀ tó mítà 4, tí ẹ̀rọ sì ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, mítà onígun mẹ́rin 40 ló ń kọjá, pọ́ǹpù sì gbọ́dọ̀ máa gbé kìló 6.4 wá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ká wá ní ààrò ò tíì gbóná tó, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sì dín ìsáré kù sí mítà 8, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò mọ̀. Kìló 6.4 kan náà á bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin 32, gíráàmù 200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, oògùn á sì di gíráàmù 2.0 dípò 1.6. Oògùn tó bá pọ̀ jù báyìí máa ń fa ìdọ̀tí mọ́ irun, ẹni tó rà á á sì rò pé kápẹ́ẹ̀tì náà ni kò dáa. Ẹ so pọ́ǹpù mọ́ ìsáré ẹ̀rọ, kí ẹ má fi ọwọ́ ṣe é.

Gbígbẹ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí omi bá ń jáde ni silane ń so. Òkè irun lè gbẹ kó gbóná dé 110°C nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, oògùn tó wà nídìí yẹn á sì bá omi jáde nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ kápẹ́ẹ̀tì. Ìdí irun ni kí ẹ máa wọn, kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú ààrò. Bí irun tàbí aṣọ ìdí bá jẹ́ polypropylene, ẹ má jẹ́ kó gbóná kọjá nǹkan bí 120 sí 130°C, torí ó máa ń sún kì.

Láti mọ̀ bóyá oògùn wà níbẹ̀, aró kan wà tó ń jẹ́ bromophenol blue. Ẹ gé irun díẹ̀ ní apá òsì, àárín àti apá ọ̀tún kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gé ti kápẹ́ẹ̀tì tí kò ní oògùn pẹ̀lú, ẹ rì wọ́n sínú omi aró náà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ṣàn wọ́n. Èyí tó ní oògùn á di búlúù. Ti aláìlóògùn yẹn kì í ṣe àfikún lásán: náílọ́ọ̀nù àti irun àgùntàn lè fa aró yìí mu fúnra wọn, pàápàá bí ásíìdì bá ṣẹ́ kù lára wọn, èyí tí ẹ ò bá fi wé nǹkan kan lè tàn yín jẹ. Ohun amú-irun-rọ̀ oní-plọ́ọ̀sì náà ń di búlúù. Lórí kápẹ́ẹ̀tì dúdú, ẹ ò ní rí ohunkóhun. Bí búlúù bá sì hàn, ohun tó fi hàn ni pé oògùn wà níbẹ̀. Kò sọ pé oògùn náà ń pa bakitéríà.

## Fàdákà: oògùn tó wà nínú òwú fúnra rẹ̀

Kò sẹ́ni tó lè fọ èyí kúrò. Wọ́n máa ń fi áyọ́ọ̀nù fàdákà pamọ́ sínú zeolite, gíláàsì tàbí zirconium phosphate, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ ike di horo tí oògùn pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á wá da horo yìí mọ́ horo ike lásán kí ẹ̀rọ tó yọ́ wọn pọ̀. Bí ọ̀rinrin bá kan òwú, sódíọ̀mù inú omi tàbí inú òógùn ara á gba àyè fàdákà, fàdákà á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá gbẹ, kò sí ohun tó ń jáde.

Ooru ló ń ya àwọn oògùn sọ́tọ̀ ní ọ̀nà yìí. Wọ́n ń fa òwú polypropylene ní nǹkan bí 220 sí 260°C, ti náílọ́ọ̀nù 6 ní nǹkan bí 250 sí 270°C, ti náílọ́ọ̀nù 6,6 àti polyester ní nǹkan bí 280 sí 290°C. Zinc pyrithione máa ń bàjẹ́ ní nǹkan bí 240°C, kò sì ní la polyester já. Silane quat kò ní la èyíkéyìí já. Fàdákà inú zeolite tàbí gíláàsì ń fara da gbogbo wọn.

Ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí ohun tí èèyàn máa rò. Bí horo oògùn bá ní zeolite 20%, tí ẹ sì fẹ́ 0.5% nínú òwú, kìló 25 horo oògùn ló máa wọ inú kìló 1000. Bí zeolite náà bá ní fàdákà 2.5%, gíráàmù 125 fàdákà péré ló wà nínú tọ́ọ̀nù òwú kan. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn òwú ò ṣe nǹkan kan, èyí tó sún mọ́ ara òwú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Torí náà, ẹni tó bá lè fa òwú tó ní ìpele méjì, tí oògùn wà nínú ìpele òde nìkan, á dín fàdákà rẹ̀ kù gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń yíwọ́ ni omi. Zeolite fẹ́ràn omi bí iyọ̀, bí wọn ò bá sì gbẹ horo oògùn dáadáa, omi yẹn á gé ẹ̀wọ̀n polyester àti náílọ́ọ̀nù nínú ooru, ike yíyọ́ á ṣàn jù, òwú á máa já. Fún polyester, wọ́n sábà máa ń gbẹ ẹ títí omi inú rẹ̀ á fi kéré sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn náà ni kóró: bí lílọ̀ ò bá kúnná, asẹ́ tí ike yíyọ́ ń gbà kọjá á tètè dí, ẹ máa rí i bí ìfúnpá níwájú rẹ̀ ṣe ń gòkè ní wákàtí díẹ̀ dípò ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀, òun ló sì ń fa ẹjọ́ jù. Fàdákà tó bá pàdé chloride nínú ìmọ́lẹ̀, tàbí tó pàdé imí ọjọ́ níbikíbi, á pọ́n tàbí kó dúdú. Wọ́n máa ń fi sodium dithionite fọ aró tó ṣẹ́ kù lára polyester. Imí ọjọ́ wà nínú ìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ mú le, tó sì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lè ṣe ohun kan náà. Àwọ̀ funfun àti àwọ̀ tó ṣí ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé òwú olóògùn àti aláìlóògùn sábẹ́ iná xenon pa pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ISO 105-B02 ṣe sọ, kí ẹ sì fi wọ́n wéra.

Ìṣòro kan tún wà tí kì í ṣe ti kẹ́míkà. Bí ẹ bá ti fa òwú náà, ó ti di tiyín pátápátá. Ẹ ò lè yọ fàdákà kúrò bí oníbàárà bá sọ pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́, ègé àti àjákù rẹ̀ á sì bá a wọ ibi tí wọ́n ti ń tún ike lò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọ̀ púpọ̀ ní ìwọ̀n kékeré kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ síbí.

## Zinc pyrithione: oògùn ẹ̀yìn

Fún fúngọ́ọ̀sì, àgàgà lórí ilẹ̀ kọnkéré tó ń sun omi, ẹ̀yìn ni ogun wà. Zinc pyrithione fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ́ nínú omi, wọ́n sábà ń tà á ní ìpò omi tó ki, bíi 48%, kí eruku rẹ̀ má bàa fò sí ẹni tó ń pò ó. Ó ń fara da ààrò latex, ó sì ń fara da ooru tí PVC fi ń jinná, nǹkan bí 160 sí 190°C. Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì ò rí ìmọ́lẹ̀.

Irin ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá pàdé irin tó dípẹtà, ì báà jẹ́ nínú páìpù, nínú táǹkì tàbí nínú lẹ́búlẹ́bú òkúta, á di búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò. Lábẹ́ irun funfun tó fẹ́lẹ́, àwọ̀ yẹn lè hàn lókè. Táǹkì irin tí kì í dípẹtà tàbí ti ike ni kí ẹ lò. Síǹkì inú rẹ̀ tún lè so mọ́ latex SBR (rọ́bà àtọwọ́dá) tó ní ásíìdì carboxyl nínú kó sì mú un ki: ẹ wọn bí latex ṣe ki tó kí ẹ tó fi oògùn sí i, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ fi oògùn sí i lẹ́yìn tí òkúta lílọ̀ bá ti pò dáadáa, kí ẹ tó fi ohun tó ń mú un ki sí i. Bí ẹ bá ṣe òdìkejì, oògùn á dúró lójú kan.

OIT àti DCOIT, tí wọ́n jẹ́ ìdílé isothiazolinone, tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì, DCOIT pàápàá nínú PVC. Wọ́n máa ń mú kí awọ ara ẹni tó ń lò wọ́n bínú, tí awọ bá sì ti kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ wọ́n títí láé. Ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi ṣeré.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Latex tí ẹ rà nínú dúrọ́ọ̀mù ti ní oògùn díẹ̀ nínú láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó má bàa rà nínú táǹkì. Oògùn yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ààrò tó gbẹ latex náà. Kò sọ kápẹ́ẹ̀tì yín di olóògùn.

Ní Yúróòpù, òfin 2020/1182 ti ka zinc pyrithione mọ́ àwọn ohun tó lè ṣèpalára fún ọmọ bíbí, ìsọ̀rí 1B. Ẹni tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bi agbẹjọ́rò òfin kẹ́míkà kó tó tọwọ́ bọ ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

## Àwọn tó ti ń kọjá lọ

Àwọn oògùn àtijọ́ kan rèé. OBPA ní arsenic, ìyẹn májèlé, nínú. Tributyltin ṣe ìpalára púpọ̀ fún ohun alààyè inú omi. Triclosan ò dúró dáadáa nínú ooru, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sì yọ ọ́ kúrò nínú ọṣẹ ìfọwọ́ àwọn ará ilé ní 2016. Bí olùtajà kan bá ṣì ń gbé ọ̀kan nínú wọn wá fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tó fi rọjú.

## Ìwé àyẹ̀wò: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi olùtajà

Ìlànà tí wọ́n ṣe fún kápẹ́ẹ̀tì gan-an ni AATCC 174, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà aṣọ ní Amẹ́ríkà. Apá mẹ́ta ló ní: àkọ́kọ́ ń fi ojú wo bóyá bakitéríà hù lábẹ́ ègé kápẹ́ẹ̀tì àti létí rẹ̀, ìkejì ń kà wọ́n, ìkẹta ń wo fúngọ́ọ̀sì. Bí olùtajà bá mú ìwé apá àkọ́kọ́ nìkan wá, ẹ bi í nípa méjì yòókù.

Ojú mímọ́ tó yí ègé ká nínú àwo àyẹ̀wò máa ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn ni pé oògùn ń ṣàn jáde. Silane quat tó so dáadáa kò ní ní ojú mímọ́ yẹn, kò sì túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́. Ìlànà E2149 ti ASTM, àjọ tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò, tí wọ́n ti ń mi ègé pọ̀ mọ́ omi tó ní bakitéríà, ló bá irú oògùn yẹn mu jù. Ẹ má fi nọ́ńbà E2149 ti oògùn kan wé nọ́ńbà AATCC 174 ti òmíràn. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni.

Bí ìwé bá sọ 99.9%, ó túmọ̀ sí pé bakitéríà 100,000 ti di 100. Ẹ wo bí ti ègé aláìlóògùn ṣe rí lójú ìwé kan náà. Bí bakitéríà orí rẹ̀ náà bá kú dà nù, ó lè jẹ́ ásíìdì tàbí kẹ́míkà aró tó ṣẹ́ kù ló ń pa wọ́n. Ẹ bèèrè pé ara kápẹ́ẹ̀tì yín ni kí wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe ara aṣọ òwú, kí wọ́n dán irun àti ẹ̀yìn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ tí ẹ̀rọ sì fà á gbẹ, gẹ́gẹ́ bí AATCC 171. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń yege kí wọ́n tó fọ kápẹ́ẹ̀tì.

## Ohun tí ẹ lè kọ sára kápẹ́ẹ̀tì

Ní Amẹ́ríkà, òfin 40 CFR 152.25(a) gbà kí kápẹ́ẹ̀tì olóògùn wọ ọjà láì forúkọ sílẹ̀ bí oògùn, bí oògùn inú rẹ̀ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún irú ìlò yẹn, tí ohun tí ẹ sọ sì mọ sórí kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. "Oògùn inú rẹ̀ ń dènà òórùn tí bakitéríà ń fà lára kápẹ́ẹ̀tì" bófin mu. "Ó ń dáàbò bo ìdílé yín lọ́wọ́ àìsàn" ò bófin mu. Ní Yúróòpù, abala 58 nínú òfin 528/2012 ní kí orúkọ oògùn wà lára ọjà tí ẹ bá sọ pé ó ń gbógun ti kòkòrò, ẹni tó rà á sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè kó sì gba èsì lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 45.

## Èwo fún èwo?

Táìlì ọ́fíìsì lórí kọnkéré tó lè rin: ẹ̀yìn tí omi ò lè gbà kọjá, kí oògùn wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń tẹ́ ẹ sì wọn ọ̀rinrin inú kọnkéré ná. Bí ilẹ̀ bá ń sun omi, kò sí oògùn ẹ̀yìn tó máa gba àtè ìlẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá, tàbí ibi tí òórùn òógùn ti ń dààmú: silane quat bí irun bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n rẹ láró lẹ́yìn gígún, fàdákà bó bá jẹ́ polypropylene tàbí polyester tí àwọ̀ rẹ̀ ti wà nínú ike, torí irú yẹn kì í kọjá nínú omi aró rárá, ẹ̀rọ ìfín á sì jẹ́ owó tuntun.

Irun àgùntàn: silane quat ń so mọ́ ọn dáadáa. Ẹ rántí pé oògùn tó ń lé kòkòrò ajaṣọ kúrò lára irun àgùntàn jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀, ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ jute, ẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná owó lé.

Ilé ìwòsàn: ìlànà tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, gbé jáde ní 2003 sọ pé kí wọ́n má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbi tí èrò ti ń rìn jù lágbègbè ìtọ́jú aláìsàn, tàbí síbi tí nǹkan ti lè máa dà sílẹ̀, bí iyàrá iṣẹ́ abẹ. Oògùn ò yí ìyẹn padà. Kaiser Permanente, ẹgbẹ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ pinnu ní 2015 pé òun ò ní ra aṣọ àti àga tó ní irú àwọn oògùn kan báyìí nínú mọ́. Ẹ bi oníbàárà kẹ́ ẹ tó po ohunkóhun.

Yàrá gbígbẹ nínú ilé, irun polypropylene, ẹ̀yìn tí kì í rà: a ò rí ìdí tí oògùn fi yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ ná owó yẹn sí irun tó ki sí i, tàbí sí ẹ̀yìn tó dáa.

## Omi ìdọ̀tí àti àpẹẹrẹ tí ẹ ń tọ́jú

Silane quat, fàdákà àti síǹkì ń pa bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò ìfọ-omi-ìdọ̀tí bó ṣe ń pa ti orí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣí táǹkì tó ṣẹ́ kù sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà nírọ̀lẹ́. Ẹ gbá a pamọ́, ẹ lò ó fún ìpò ọjọ́ kejì bí oògùn náà bá lè pẹ́, tàbí kẹ́ ẹ kó o fún àwọn tó ń gba kẹ́míkà dànù. Methanol inú silane quat tó ki ń gbiná, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sítòsí ààrò.

Nínú ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gé 30 sẹ̀ǹtímítà gbogbo fífẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì náà, ẹ kọ ọjọ́, ìsáré ẹ̀rọ, ìwọ̀n pọ́ǹpù, ooru ìdí irun àti nọ́ńbà dúrọ́ọ̀mù oògùn mọ́ ọn lára, kẹ́ ẹ sì fi sínú òkùnkùn níbi tó gbẹ. Ẹjọ́ kápẹ́ẹ̀tì sábà máa ń dé lẹ́yìn ọdún kan. Fàdákà ń yí àwọ̀ padà nínú ìmọ́lẹ̀, zinc pyrithione ń bàjẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó bá sì wà lórí férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò ní lè sọ fún yín bí kápẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò lórí ẹ̀rọ.